Ọdún Tí Pátákò Abo Ẹṣin Náà Fi Hù Tuntun

Bàbá àgbà mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ohùn wọn. Ọjọ́ kẹta tó dé ilé wa ni. A jókòó ti oúnjẹ àárọ̀, àwa mẹ́rin: Bàámi, Màámi, èmi, àti Bàbá Àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ọ̀yọ́ dé. Màámi ti po ògì, ó ti dín àkàrà, ó sì ṣí fèrèsé ilé ìdáná sílẹ̀ kí òórùn epo má baà lẹ̀ mọ́ aṣọ wa. Bàbá Àgbà gbé ṣíbí dúró láàárín abọ́ àti ẹnu, ó ní, "Ẹṣin kan ń yán lẹ́yìn ilé yìí." Bàámi wo Màámi. Màámi wo inú abọ́ ògì rẹ̀. Àjà kejì ni fúláàtì wa wà ní Castle Green, lẹ́bàá A13, ariwo tí a sì ń gbọ́ níbẹ̀ tọ̀sán-tòru kò ju ti àwọn ọkọ̀ akẹ́rù lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, aago orí ògiri wa máa ń pe ìrun nígbà márùn-ún lóòjọ́, obìnrin tó ń gbé lókè wa máa ń fa àga káàkiri bí ẹni ń wá nǹkan tó sọnù, rédíò Màámi kò sì fi bẹ́ẹ̀ dákẹ́. "Bàbá, ọkọ̀ lẹ gbọ́," Bàámi wí jẹ́jẹ́. "Kò sí ẹṣin níbí. London la wà." Bàbá Àgbà gbé ògì náà mì, ó nu ẹnu rẹ̀. "Abo ni," ó ní, "nǹkan kan sì ń dùn ún."

Lẹ́yìn ikú ìyá àgbà mi ni Bàámi lọ mú un wá, nítorí kò sí ẹni tí yóò máa wò ó ní Ọ̀yọ́ mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, inú mi sì dùn pé ẹnì kan yóò wà nílé nígbà tí mo bá ti ilé ìwé dé. Bàámi ń wa bọ́ọ̀sì, Màámi ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé kan lápá Dagenham, iṣẹ́ wọn méjèèjì kì í sì bá ara wọn mu. Òfin kan ṣoṣo ni Bàámi fi lélẹ̀ fún Bàbá Àgbà: kò gbọdọ̀ dá jáde. Ó ń bẹ̀rù pé yóò sọnù, pé kò gbọ́ èdè, pé àwọn mótò ibí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nítorí náà àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni Bàbá Àgbà ń jókòó sí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fi òrí pa á fún un lẹ́yìn ìrun alásárì, mo sì rántí bí ìka mi ṣe ń wọnú ẹran ẹsẹ̀ náà, tí ojú ibẹ̀ á jìn, tí kò ní tètè padà bọ̀ sípò. Lójú tèmi nígbà náà, bí ẹsẹ̀ àgbàlagbà ṣe ń rí nìyẹn. Báyìí tí èmi náà ti ń tọ́jú ìyá mi nínú ilé mi ní Longbridge, mo ti mọ ohun tí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lè ṣe fún ènìyàn láàárín oṣù méjì.

Ẹ̀ẹ̀mẹta sí i ló gbọ́ ẹṣin náà, Màámi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dààmú. Mo gbọ́ tó ń bá Bàámi sọ̀rọ̀ ní ọ̀nà yàrá pé bóyá ọpọlọ Bàbá ti ń rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí n ṣe ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ Sátidé kan. Màámi ti lọ síbi iṣẹ́. Bàámi ti ibi iṣẹ́ ìdájí dé, ó ti sùn. Mo gbé àpò ìdọ̀tí, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ da èyí nù." Ó dìde kí n tó parí ọ̀rọ̀. A da ìdọ̀tí náà nù, kò sì padà. Ó ń lọ síwájú bí ẹni tí wọ́n ń pè, ó kọjá àwọn gáréèjì, ó kọjá ibi tí wọ́n ń kó ilẹ̀kùn àti ibùsùn àtijọ́ jù sí, títí a fi dé ibi ọgbà onígi kan tí ihò wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn ọgbà náà ni ilẹ̀ gbalasa kan wà tí n kò mọ̀ rí, koríko lọ rẹrẹ títí dé etí odò Thames, àwọn òpó iná gàgàrà sì dúró láàárín rẹ̀. Ẹṣin mẹ́jọ wà níbẹ̀. Mo dúró, mo la ẹnu. Bàbá Àgbà kàn ṣe "hẹn" lọ́fun, bí ẹni tí wọ́n fún ní ohun tó ti béèrè fún tipẹ́.

Méje nínú wọn ń rìn kiri fúnra wọn. Ìkẹjọ, abo kan tó ní àwọ̀ dúdú àti funfun, wà ní síso mọ́ irin kan níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ jù, ẹrẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò gbé orí sókè nígbà tí a dé. Bàbá Àgbà bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó fi ọwọ́ tọ́ èjìká rẹ̀, ó sì rọra fa ọwọ́ náà wálẹ̀ títí dé ẹsẹ̀. Nígbà tó gbé e kúrò nínú ẹrẹ̀, mo rí ohun kan tí mo rò pé bàtà ni. Pátákò ẹṣin náà ti gùn kọjá ààlà, iwájú rẹ̀ ti ká sókè bí imú bàtà àwọn ọba inú ìwé àwòrán, ó sì ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ wò ó," Bàbá Àgbà ń bá ara rẹ̀ sọ. "Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe sí ọmọ ọlọ́mọ." Mo bi í bóyá wọ́n bí i bẹ́ẹ̀ ni. "Rárá o, Àníkẹ́. Pátákò ẹṣin dà bí èékánná rẹ, kì í yé hù. Ibi tí irun ẹsẹ̀ rẹ̀ pin sí yìí ló ti ń hù wá sílẹ̀. Láàárín oṣù kan, ohun tó ń hù kò tó ìbú ìka ọmọńdinrín rẹ, ṣùgbọ́n kì í dúró. Bí ẹṣin bá ń rìn dáadáa lórí ilẹ̀ líle, ilẹ̀ á máa họ ọ́ bó ṣe ń hù. Èyí kò rìn. Ẹrẹ̀ kò sì lè họ nǹkan kan."

Nígbà náà ló sọ fún mi pé òun àti ẹ̀gbọ́n òun máa ń lọ sí Òkè Ọya nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, láti lọ mú ẹṣin wá fún agbolé tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́. Wọ́n rí agbo ẹṣin níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò so mọ́lẹ̀. Ibi koríko jìnnà sí ibi omi, àwọn ẹṣin náà a sì máa rìn láàárín méjèèjì lójoojúmọ́, lórí ilẹ̀ gbígbẹ àti òkúta wẹ́wẹ́. "Mo gbé ẹsẹ̀ wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan," ó ní. "Ó kúrú, ó le, etí rẹ̀ yípo, ó dán bí etí igbá tí wọ́n ti lò pẹ́. Bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó gé e fún wọn rí, kò sì sí ẹni tó fi irin sí i." Ó tọ́ka sí àwọn méje tó kù. Ọ̀nà kọnkéré àtijọ́ kan la àárín ilẹ̀ náà já, tó ti fọ́ yángayànga, èyí tó kù lára ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti wó. Koríko wà lápá odò, ọpọ́n ìwẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi ń mu omi sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ẹṣin náà kò lè mu omi láìgba orí kọnkéré yẹn kọjá. A wo ẹsẹ̀ wọn. Ó kúrú, ó yípo gẹ́gẹ́ bó ṣe wí.

Ohùn ọkùnrin kan ló mú wa yíjú padà. Tẹ́dì lorúkọ rẹ̀, òyìnbó arúgbó kan tó dé fìlà wúlì, òun ló ni àwọn ẹṣin náà. Ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ó rí i pé abo náà ti gbé orí lé èjìká Bàbá Àgbà, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Mo di ògbufọ̀. N kò mọ bí mo ṣe lè pe pátákò lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo bá ní bàbá mi àgbà fẹ́ mọ ìdí tí wọn kò fi gé èékánná ẹṣin náà. Tẹ́dì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni abo náà ti gba ihò ọgbà jáde sí A13. Lẹ́ẹ̀kejì, díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ akẹ́rù kan pa á, kí awakọ̀ náà sì bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí òun fi so ó mọ́lẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Orókún òun kò jẹ́ kí òun lè bẹ̀rẹ̀ mọ́ láti gé ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọn tí òun sì pè ní ó ti bàjẹ́ jù. "Oníṣègùn ẹran ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì," ó ní, kò wo ojú wa, "láti fún un lábẹ́rẹ́ tí kò ní jí mọ́." Mo túmọ̀ rẹ̀. Bàbá Àgbà di ọrùn abo náà mú. "Sọ fún un pé kó má pa á. Sọ fún un pé èmi àti òun á dí ihò ọgbà yẹn. Lẹ́yìn náà kó tú u sílẹ̀, kó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rìn. Mo máa gé e díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀ á ṣe ìyókù." Tẹ́dì bi mí pé ṣé bàbá yìí mọ ohun tó ń sọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. N kò mọ̀ bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀, mo kàn fẹ́ kí ẹṣin náà wà láàyè.

Ilẹ̀kùn tí àwọn ènìyàn jù sẹ́yìn gáréèjì la fi dí ihò náà, mẹ́rin ni, ọ̀kan ṣì ní nọ́ńbà ilé lára. Tẹ́dì ń kan ìṣó, Bàbá Àgbà ń di ilẹ̀kùn mú, àwọn méjèèjì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, oníkálukú ní èdè tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gé iwájú pátákò náà, èyí tó ti ká nìkan, Bàbá Àgbà sì fi fáìlì, irin tí a fi ń họ nǹkan, ra etí rẹ̀. Tẹ́dì fẹ́ kí wọ́n gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bàbá Àgbà kọ̀. Ó ní ẹsẹ̀ tó ti pẹ́ nínú ìyà, tí a bá yí i padà lójijì, ìrora náà á pa á. Lọ́jọ́ Ẹtì, oníṣègùn náà wá, ó wò ó pẹ́, ó sì tún di àpò rẹ̀ láìfún un lábẹ́rẹ́ náà. Láti ìgbà náà, mo máa ń sáré délé láti ilé ìwé, màá jẹ iṣu díndín tí Màámi fi sílẹ̀, Bàbá Àgbà á ti wọ kóòtù rẹ̀ dúró. Bí Bàámi bá béèrè, a ní a lọ wo àwọn pẹ́pẹ́yẹ ni.

Kò tó oṣù méjì tí àṣírí fi tú. Bàámi gbé súwẹ́tà mi láti fi sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó gbé e sí imú, ó sì dúró gbagidi. N kò rí i kó bínú bẹ́ẹ̀ rí. "Ẹṣin," ó ní. "Bàbá, ẹ mú ọmọ mi lọ sídìí ẹṣin." Bàbá Àgbà ní, "Làmídì, jẹ́ kí n ṣàlàyé." Bàámi ní, "Kí lẹ fẹ́ ṣàlàyé? N kò mú yín wá sí London kí ẹ wá máa gbé ìgbẹ́ ẹṣin. Kò sí ìyẹn mọ́." Bàbá Àgbà gbé kóòtù rẹ̀ kọ́. Ó padà sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo ń kà á. Ọjọ́ tí a jọ ń bó ẹ̀wà fún mọ́ínmọ́ín ni Màámi ṣàlàyé fún mi. Ó ní nígbà tí Bàámi wà lọ́mọdé ní Ọ̀yọ́, kó tó lọ sílé ìwé láàárọ̀, òun ló máa ń gbá ibùso àwọn ẹṣin agbolé tí Bàbá Àgbà ń bá ṣiṣẹ́, òórùn rẹ̀ kì í sì í kúrò lára yunifọ́ọ̀mù rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń pè é ní Ìgbẹ́ Ẹṣin títí ó fi jáde ilé ìwé. "Àwọn tó pè é bẹ́ẹ̀ ti gbàgbé," Màámi wí, ó ń da èèpo ẹ̀wà nù. "Òun kò gbàgbé."

Màámi ló yanjú ọ̀rọ̀ náà, kò sì pariwo. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, bí Bàámi ṣe parí oúnjẹ, Màámi gbé bàtà aláwọ Bàbá Àgbà wá síwájú rẹ̀. "Bàbá Àníkẹ́, ẹ wo bàtà yìí. Kí Bàbá tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, kò wọ ẹsẹ̀ wọn. Lóṣù tó kọjá, ihò ìkẹyìn ni wọ́n ń de okùn rẹ̀ sí. Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn lónìí." Bàámi yíjú wo ọ̀dọ̀ fèrèsé. Ẹsẹ̀ náà ti tún wú, ó sì ń dán. "Dókítà ní kí wọ́n máa rìn," Màámi ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Nínú èmi àti ẹ̀yin, ta ló ń bá wọn rìn?" Bàámi dìde. Ó fọ abọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó lọ sùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàtà rọ́bà kan wà lẹ́nu ọ̀nà, èyí tí Bàámi máa ń wọ̀ lásìkò yìnyín, ó ti fi ìbọ̀sẹ̀ onírun sínú rẹ̀, ó sì kọjú sí ìta. Bàbá Àgbà wò ó pẹ́ kó tó wọ̀ ọ́.

Nígbà tí a padà, Bàbá Àgbà fi hàn mí pé ìlà kan ti yọ lára pátákò abo náà, nítòsí ibi tí irun pin sí, tó yí i ká bí òrùka. Ó ní ọjọ́ tí ayé rẹ̀ yí padà ló kọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Ohun tó wà lókè ìlà náà jẹ́ tuntun, ó dán, ó dúró ṣánṣán. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ni ti ìgbà ẹrẹ̀. "Nígbà tí ìlà yìí bá dé ilẹ̀, ẹsẹ̀ àtijọ́ ti tán nìyẹn." Mo bi í pé ọ̀sẹ̀ mélòó. Ó rẹ́rìn-ín. "Tó ọdún kan." Ọdún kan kò lópin lójú ọmọdé. Ṣùgbọ́n mo rí i bó ṣe ń lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti ìlú òyìnbó, tí koríko pọ̀, ìlà náà ń sáré wálẹ̀. Abo náà ń tẹ̀lé àwọn yòókù lórí kọnkéré láti ibi koríko dé ibi omi, ó kọ́kọ́ ń tiro, lẹ́yìn náà ó ń rìn, nígbà tó sì di ìgbà tí ewé ń wọ́, mo lè dijú kí n tẹ́tí sí ẹsẹ̀ rẹ̀ láìmọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti àwọn tó kù. Kò tún wá ọ̀nà A13 mọ́. Tẹ́dì ní bóyá ọgbà ló dá a dúró. Bàbá Àgbà ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni.

Nígbà òtútù, ìlà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Bàbá Àgbà ní bí ó ṣe máa ń rí nìyẹn, ara ẹṣin mọ̀gbà tí oúnjẹ kò pọ̀. Láàárín ìgbà náà ni ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ abo náà kó ọyún. A débẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, abo náà kò lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ rárá. Tẹ́dì yọ fìlà rẹ̀, ó ní ó ti tán. Bàbá Àgbà ní kí n sáré lọ bá Màámi gba omi gbígbóná àti iyọ̀. Màámi da ìborùn lé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ gbé omi náà wá nínú kúlà, ìgbà àkọ́kọ́ tó fojú kan ẹṣin náà nìyẹn. Ó ti fọ ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ arúgbó rí, ó kúnlẹ̀ nínú omi dídì bí ẹni wà ní ibi iṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ń rẹ ẹsẹ̀ náà sínú omi iyọ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, ọyún náà tú, abo náà gbé ẹsẹ̀ lélẹ̀, ó sì rìn lọ mu omi. Tẹ́dì bú sẹ́kún. Màámi fún un ní kúlà kejì, tíì ló wà nínú rẹ̀.

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rí ọjọ́ tí ìlà náà dé ilẹ̀. A wá a lọ́sàn-án kan nígbà tí koríko tún ti ń yọ, kò sí níbẹ̀ mọ́. Pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrú, wọ́n yípo. Oṣù mélòó kan ni Bàbá Àgbà kò ti fi fáìlì kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, ìbàdí Bàbá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Wọ́n sì gbé pátákó kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ilẹ̀ náà pé wọ́n fẹ́ kọ́ ilé síbẹ̀. Ilé náà wà níbẹ̀ títí dòní, bọ́ọ̀sì tí mo ń wọ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Tẹ́dì rí ibòmíràn gba, ó jìnnà, lẹ́yìn ìlú, ilẹ̀ ibẹ̀ ga, ó sì ní òkúta.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ, a gbọ́ pátákò lórí títì ọlọ́dà ìsàlẹ̀ ilé wa. Tẹ́dì ló fa abo náà wá láti kí Bàbá Àgbà pé ó dìgbóṣe. Àwọn ará ilé ṣí fèrèsé. Bàbá Àgbà di àtẹ̀gùn mú, ó rọra sọ̀ kalẹ̀, èmi níwájú, Bàámi lẹ́yìn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó ti ń múra àtilọ. Abo náà gbé orí lé èjìká Bàbá Àgbà. Bàbá Àgbà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ìbàdí rẹ̀ kọ̀ fún un. Ó tún gbìyànjú, ó mí kanlẹ̀, ó sì dúró.

Bàámi gbé àpò rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹṣin náà, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà orí rẹ̀, ó fi ọwọ́ tọ́ èjìká, ó sì fa ọwọ́ náà wálẹ̀ láìyára, bí mo ṣe rí Bàbá Àgbà tó ń ṣe é láìmọye ìgbà. Ó sọ nǹkan kan lábẹ́ ọ̀fun. Ẹṣin náà gbé ẹsẹ̀ fún un. Ó dì í mú láàárín orókún méjèèjì, pẹ̀lú ṣòkòtò iṣẹ́ tí Màámi lọ̀ fún un láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

"Gbé e sókè díẹ̀ sí i, Làmídì," Bàbá Àgbà wí.

"Ẹ wò ó dáadáa, Bàbá," Bàámi dáhùn. "N kò kánjú."

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbé sókè fún un, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Bàbá Àgbà sì fi àtàǹpàkò ra etí wọn yíká. Bàámi pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó máa lọ, kò padà wọlé lọ pààrọ̀ ṣòkòtò.